Àtúnṣe Tí Ojú Kò Rí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi ẹ̀rọ fò ní Ìsẹ́yìn, ìwé tí ẹ kọ sí mi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní kí n wá sí ìpàdé yín ní oṣù tó ń bọ̀, kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ikú Olúkúnlé ọmọ mi, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ fi bébà kan sínú ìwé náà, ẹ pè é ní Ẹ̀kọ́ Tí A Kọ́. Mo jókòó níwájú ilé mi ní Otu, mo kà á. Ohun tí ẹ kọ sí òkè pátápátá ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì ọ̀kadà fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láé, nítorí irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ ló pa Olúkúnlé. Ẹ kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo Otu mọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Wàhábì ni. Ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe òótọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, tí mo sì panu mọ́. N kò lè fi irọ́ sílẹ̀ fún yín láti máa gbé ẹ̀mí yín lé lójú òfurufú. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ka èyí sókè, kí gbogbo yín gbọ́. Èmi ni mo ṣe ohun tó pa ọmọ mi.

Mọ́ládé ni orúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì ni èmi náà ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ obìnrin kan tí a ń pè ní Mísì Ládòkun. Bí aṣọ bá ya, Mísì á ní kí á yọ fọ́nrán òwú láti etí aṣọ náà gan-an, kí á fi tún ojú rẹ̀ hun. Lẹ́yìn náà á gbé e lọ sí ojú fèrèsé, á máa wá ibi tó ti ya. Bí ó bá rí i, á tú u palẹ̀, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wá ojú tèmi títí, kò rí i. Ó pe gbogbo kíláàsì, ó ní, "Ẹ wá wo ọwọ́ Mọ́ládé. Èyí ni à ń pè ní àtúnṣe." Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn n kò tíì rí ìyìn mìíràn tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé mi ni mo sì fi ń tún nǹkan ṣe kí ojú má baà rí i.

Olúkúnlé nìkan ni mo bí. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó kàwé, ó di awọnlẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀rọ tó ń fi fò, ṣùgbọ́n n ó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tí wọ́n lè gbọ́ ìwé yìí. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ní fáànù ló máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Lókè orí rẹ̀ ni aṣọ fẹ́lẹ́ gígùn kan wà, tí atẹ́gùn máa ń kún inú rẹ̀ tí yóò fi nà bí apá ẹyẹ. Okùn tíńtín pọ̀ lára aṣọ náà. Gbogbo okùn yẹn pàdé sára bẹ́líìtì méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, bẹ́líìtì méjèèjì yìí ló sì gbé ìjókòó ẹni tó ń fò. Olúkúnlé fi ń wá iná tó ń jó inú ọ̀dàn lásìkò ọyẹ́, ó fi ń bá àwọn àgbẹ̀ wá màlúù tó sọ nù, ó sì fi ń ya àwòrán ààlà oko. Fáànù Bọ̀dá Kúnlé ni àwọn ọmọdé àdúgbò ń pè é.

Wàhábì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá a tọ́jú ẹ́ńjìnnì. Inú ilé mi ni àwọn méjèèjì ti jọ dàgbà. Wàhábì á ní, "Kúnlé, bí o bá dé òkè yẹn, bá mi wo ẹni tó jí ewúrẹ́ ìyá mi o." Olúkúnlé á dáhùn, "Mo ti rí i. Inú ìkòkò yín ló wà lọ́jọ́ iléyá." Wọn á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré, àwọn tí wọ́n ti ń sún mọ́ ogójì ọdún.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí, Olúkúnlé kì í ṣeré. Yàrá ẹ̀yìn ló ń kó o sí, ó sì ti kìlọ̀ fún mi. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó bá ṣeé jẹ, ẹ má gbé e wọ yàrá yìí. Búrẹ́dì ni o, ẹ̀pà ni o. Eku ni mò ń bẹ̀rù." Ó tún fún mi níṣẹ́ kan tó dùn mọ́ mi. Ó ní ojú mi ló mọ òwú, nítorí náà kí òun tó fò, èmi ni kí n máa yẹ ojú rírán ara bẹ́líìtì méjèèjì wò. Òun náà á yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ojú mi ló gbẹ́kẹ̀ lé. Bó bá ti fẹ́ gbé e wọ̀, á bi mí pé, "Màámi, ṣé ẹ ti wò ó?" Bí mo bá ní mo ti wò ó, ó parí nìyẹn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tí Olúkúnlé kú, òjò tí a kò retí ṣú bò wá nígbà tí mo sá ẹ̀gúsí sí iwájú ilé. Olúkúnlé ti lọ sí Ìbàdàn fún iṣẹ́. Ilé ìdáná ti kún, òrùlé yàrá kejì ń jò. Mo kó ẹ̀gúsí náà sínú àpò méjì, mo gbé e sí yàrá ẹ̀yìn. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ méjì péré ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Nígbà tí mo wá wọlé láti gbé e, èèpo ẹ̀gúsí ti kún ilẹ̀, eku ti dá ihò sí àpò. Mo gbé àpò náà kúrò. Ìgbà náà ni mo rí i pé wọ́n ti jẹ bẹ́líìtì òsì. Bẹ́líìtì tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ìbú ìka kan ló kù tó so mọ́ra.

Ó yẹ kí n pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo dúró nínú yàrá yẹn, mo sì ń ro nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni pé yóò mọ̀ pé mo gbé oúnjẹ wọbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìkìlọ̀ rẹ̀. Èkejì ni eré ìje ọdọọdún ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo ti ṣèlérí fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé ọmọ mi yóò fò kọjá lórí pápá, mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí mi. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra irú bẹ́líìtì yẹn, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó dé. Bí mo bá sọ fún un, kò ní fò. Ẹ wò ó, àwọn ohun tí mo gbé lórí ìwọ̀n pẹ̀lú ẹ̀mí ọmọ mi nìyẹn: ìtìjú díẹ̀, àti ìpàtẹ́wọ́.

Mo gbé bẹ́líìtì náà lọ sí ìdí maṣíìnì mi. Abẹ́rẹ́ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo wá òwú dúdú tó bá àwọ̀ bẹ́líìtì mu. Mo hun ojú rẹ̀ padà ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan bí Mísì ti kọ́ mi, mo fi iná àbẹ́là yọ́ etí rẹ̀ kó lè dán. Òwú aṣọ ni o, òwú tí mo fi ń rán bùbá. Nígbà tí mo parí, mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Mo wá ibi tí eku ti jẹ, n kò rí i. Inú mi sì dùn. Ọlọ́run gbọ́ pé inú mi dùn.

Nígbà tí Olúkúnlé dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń fi imú fa nǹkan. "Màámi, òórùn ẹ̀gúsí ni mò ń gbọ́ yìí àbí?" Mo ní, "Ọbẹ̀ tí mo sè lánàá ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bu tòun wá. Kò sí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí nílé. Mo yára lọ sè é, kí irọ́ mi lè di òótọ́. Ó fò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dúró síta, n kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí ó fi balẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó tún fò lọ́jọ́bọ̀, mo wọlé lọ ṣe iṣẹ́ mi. Mo ní ohun tó gbé e lẹ́ẹ̀mejì yóò gbé e lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ Ẹtì, Wàhábì pààrọ̀ plọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì gbé e wá fúnra rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná. Ó ń kọrin."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́, Olúkúnlé gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ó yíjú sí mi. "Màámi, ṣé ẹ ti wò ó?" Mo ní, "Mo ti wò ó, ọmọ mi." Mo wò ó lóòótọ́. Mo wò ó bóyá ojú lè rí i.

Ó gbéra. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pariwo, "Fáànù! Fáànù!" Ó kọjá lórí wa lẹ́ẹ̀kan, ó juwọ́ sí wa. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ tọ́ mi lábẹ́ kánópì, ó ní, "Ìyá Kúnlé, ẹ kú orí ire." Mo dìde, mo ń fi gèlè mi juwọ́ sí i padà. Nítorí pé mo dìde, ó fẹ́ ṣe ohun tó máa dùn mọ́ mi. Ó yí po, yíyí kíkankíkan tí ó máa ń mú kí ara ẹni wúwo ní ìlọ́po méjì. Òun náà ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Apá òsì aṣọ náà ló kọ́kọ́ ká, bí ìgbà tí ènìyàn bá ká ojú ewé ìwé. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á, bí wọ́n ti kọ́ ọ pé kí ó ṣe. Ó ní páráṣúùtù kékeré kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti sún mọ́ jù. Ó ń yí bọ̀ bí ewé, ó já sẹ́yìn oko kajú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ó ń mí. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Màámi, bẹ́líìtì..." Mo ní, "Má sọ̀rọ̀, ọmọ mi." Mo rí ojú ibi tó ti já, òwú mi sì yọ jáde níbẹ̀ bí irun. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré bọ̀. Àlùmọ́gàjí kékeré kan kì í kúrò nínú báàgì mi. Mo mú un, mo gé ibi tí mo tún ṣe kúrò lára bẹ́líìtì, mo tì í bọ ìdí ìró mi. Lẹ́yìn náà ni mo tó di ọwọ́ ọmọ mi mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo gbólóhùn yẹn. Lẹ́yìn náà ni.

Wàhábì ló gbé e sínú ọkọ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń pè é ní gbogbo ọ̀nà. Ó kú kí á tó dé Ṣakí.

Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn àgbà ẹbí jókòó ní pálọ̀ mi. Gbogbo èrò tó wà ní pápá ti ń sọ pé ẹ́ńjìnnì dákẹ́ kó tó já; ẹni tó bá rí bẹ́líìtì tó gé rò pé ìgbà tí wọ́n ń tú Olúkúnlé kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n gé e. Ẹnì kan bi mí, "Ìyá Kúnlé, ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn kẹ́yìn?" Mo ní, "Wàhábì ni. Lọ́jọ́ Ẹtì." Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe òótọ́ nínú gbólóhùn yẹn, òun ló sì burú jù nínú gbogbo irọ́ tí mo pa. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú ló sọ ìyókù. Àwọn ọlọ́kadà ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Wàhábì kọjá lọ sí Okaka nítorí plọ́ọ̀gì lásán. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yà síbẹ̀, wọn á ní, "Ṣé ọ̀run ni ìwọ náà fẹ́ fò lọ?" Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó gba Ṣakí kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, sí Parakú, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Àwáwù ìyá rẹ̀ kò yé wá sọ́dọ̀ mi. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ó ń gbé wàrà díndín wá fún mi, á jókòó tì mí díẹ̀. Mo ń jẹ ẹ́.

Ẹ lè rò pé ibi tó burú dé nìyẹn. Ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Wàhábì wá kí ìyá rẹ̀, ó sì yà sọ́dọ̀ mi. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní yàrá ìránṣọ mi, kò dìde. Ó ní, "Màámi, lọ́jọ́ yẹn mo mọ̀ dájú pé mo de plọ́ọ̀gì yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ní mi ò dè é. Mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ pé mi ò dè é dáadáa. Kúnlé kì í ṣe ọ̀rẹ́ fún mi, ọmọ ìyá mi ni. Ẹ dárí jì mí." Inú àpótí maṣíìnì ni ègé bẹ́líìtì yẹn wà, kò jìn sí orí rẹ̀ tó apá kan. Bí mo bá na ọwọ́ ọ̀tún mi, mo lè fà á yọ. Ọwọ́ yẹn ni mo gbé lé orí rẹ̀. Mo ní, "Wàhábì, mo ti dárí jì ọ́." Ó bú sẹ́kún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní Ọlọ́run á bá òun san án fún mi. Nígbà tó ń lọ, ó fún mi ní páálí òwú ìránṣọ tó rà bọ̀ láti Parakú, oríṣiríṣi àwọ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn òwú."

N kò ṣí páálí náà títí ìwé yín fi dé. Nígbà tí mo ka ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ sí òkè yẹn, mo rí i pé irọ́ mi ti kúrò ní Otu. Ó ti di ohun tí ẹ fi ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fífò. Ẹ óò máa ṣọ́ mẹkáníìkì, eku á sì wà nínú yàrá yín. Mo dúró de ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí Àwáwù gbé abọ́ wàrà rẹ̀ kalẹ̀, mo fa ègé bẹ́líìtì yọ, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un. Ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ìyá Kúnlé, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀."

"Láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀." Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Gbogbo wàrà tí mo ń gbé wá yìí, ọmọ mi ni mo fi ń bá bẹ̀ yín o."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ, ẹsẹ̀ sì ń dùn yín. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi nínú yàrá. Ta ló rí i? Níta gbangba ni wọ́n ti ba orúkọ ọmọ mi jẹ́. Tíṣà ni yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ná, kí ẹ tó máa bẹ̀ mí." Ó gbé ègé bẹ́líìtì náà lé mi lọ́wọ́ padà, ó gbé abọ́ wàrà rẹ̀, ó lọ.

Mo ti kọ ọ́. Ẹ̀dà kan ti lọ sí Parakú, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Àwáwù, ọ̀kan wà lọ́wọ́ olórí ẹbí wa, èyí ni tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohun tí ẹ kọ nípa mẹkáníìkì rẹ́. Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀. Wàhábì, bí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, plọ́ọ̀gì yẹn kò tú. O dè é dáadáa, ọmọ mi. Ìdáríjì tí mo fún ọ, kì í ṣe tìrẹ; dá a padà fún mi, nígbà tó bá wù ọ́, tàbí kí o má dá a padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí nǹkan yín bá bàjẹ́, ẹ pariwo rẹ̀, bí ojú tilẹ̀ ń tì yín. Bí ó bá gbé yín lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn kò sọ pé ó dára. Ẹni tó bá tún un ṣe kọ́ ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹlòmíràn ni, ẹni tí kò ní ohunkóhun láti fi pamọ́. Ìyá ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọdọ̀ bẹ̀rù láti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ló ṣe é. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìbínú ọmọ dára.

Ègé bẹ́líìtì náà wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ gbé e kọ́ ibi tí ẹ ti ń kó àwọn ẹ̀rọ yín sí. Lánàá ni mo ṣí páálí Wàhábì, mo mú òwú pupa, mo sì rán orúkọ mi sí ojú ibi tí eku ti jẹ. Mo fi ojú rírán gbàǹgbà-gbàǹgbà rán an, irú èyí tí Mísì Ládòkun ì bá tú palẹ̀. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ óò rí i.